Aṣọ Bébà Fún Ìyá Mi

Nígbà tí òkun gba ilé ìyá mi ní Abereke, wọ́n jáde pẹ̀lú ìró kan àti bùbá kan péré lára. Gbogbo aṣọ wọn yòókù wà nínú àpótí pákó tí olóògbé bàbá mi kàn fún wọn, omi sì gbé àpótí náà lọ. Àwọn aládùúgbò tó dúró wò ó ní ó kọ́kọ́ léfòó lọ díẹ̀ bí ọkọ̀ tí kò ní atukọ̀ kó tó yí dà. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ àpótí. Ohun tí wọ́n máa ń sọ kò ju pé àwọn kò ní aṣọ mọ́, ẹni tí kò sì ní aṣọ kì í jáde síta.

Ugbonla ni a gbé wọn wá, sílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, níbi tí èmi àbúrò rẹ̀ obìnrin náà ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ń yan ẹja tà, èmi ń yàwòrán sínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Àwọn atẹ̀wé máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, màá yà á, màá sì dá a padà nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣojú àánú. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, nítorí náà à ń jà bí ẹgbẹ́. Òun ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó ra àǹkárá, ó fún télọ̀ rán, ó gbé e wá síwájú ìyá wa. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà fún un pé yóò jèrè ọmọ, wọ́n ká aṣọ náà dáadáa, wọ́n tì í sábẹ́ ibùsùn. Ó tún ra òmíràn, ibẹ̀ náà ni ó lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìró Abereke yẹn kan náà ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, wọ́n á yá ti ẹ̀gbọ́n mi ró títí tí yóò fi gbẹ.

Ìjọ aláṣọ funfun ni a ń lọ. Níbẹ̀, aṣọ kan náà ni olówó àti tálákà ń wọ̀, mo sì rò pé ibẹ̀ ló máa rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù láti padà sí. Àwọn ìyá ìjọ dá sùtánà tuntun fún wọn, wọ́n gbé e wá tòun torin. Ìyá mi bá wọn gbe orin náà títí ó fi parí, ohùn wọn sì ròkè ju ti gbogbo wọn lọ. Nígbà tí àwọn àlejò lọ, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi sùtánà kọ́ ìṣó. Orí ìṣó yẹn ló wà títí ìpẹtà fi ṣe àpá sí i lọ́rùn.

Mo ní agídí, mi ò jiyàn. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti jogún rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà, nítorí àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun. Ní ilé tiwa, ìyá ló ní òun kò ní wọṣọ, ọmọ ni kò wá rí oorun sùn. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé kí ọdún tó yí po, ìyá mi yóò fi ọwọ́ ara wọn mú aṣọ tuntun, wọn yóò sì fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde ní ẹnu ọ̀nà yẹn. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ti sọ ọ́ fún gbogbo Ugbonla.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò sé wa mọ́lé ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo mú bébà àti pẹ́ńsù, mo jókòó tì wọ́n, mo ní kí wọ́n sọ bí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn aṣọ inú àpótí ṣe rí fún mi. Wọ́n wò mí títí, bí ẹni pé mo béèrè ohun tí ọmọ kì í béèrè. Lẹ́yìn náà wọ́n mẹ́nu ba ìró àrán kan, aláwọ̀ aró tó kún, tí bàbá mi rà bọ̀ láti Wàrì lọ́dún tí ọjà ẹja dùn. Mo yà á bí aṣọ tí a sá sórí okùn. Mo fi ọ̀dà kùn ún, mo jẹ́ kí iná àrán yẹn máa kọ díẹ̀ níbi tó ti ṣẹ́ po. Inú mi dùn sí i. Wọ́n gbà á, wọ́n wò ó lójú àti lẹ́yìn, wọ́n dá a padà.

"Aṣọ tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, aṣọ òkú ni, ọma mi," wọ́n ní. "Ká a kúrò lójú mi."

Ẹlòmíràn ì bá pa á tì níbẹ̀. Èmi mú sísọ́ọ̀sì.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń gé èèyàn láti ara páálí bisikí, a ó sì gé aṣọ fún un láti inú bébà kàlẹ́ńdà àtijọ́. Ọmọlángidi bébà ni iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe láyé mi kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń pe ẹnì kan ní ayàwòrán. Wàá gé ara èèyàn látinú páálí tó le, pẹ̀lú tòbí àti ṣìmí nìkan lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà wàá gé aṣọ lọ́tọ̀, wàá fi etí kéékèèké sílẹ̀ ní èjìká àti ní ìdí rẹ̀, etí yìí ni wàá ṣẹ́ sẹ́yìn kí aṣọ lè di ara mú. Ara ló ń ṣáájú, aṣọ ló ń tẹ̀ lé e. Bí ara bá ti rí ni wàá ṣe wọn aṣọ.

Fọ́tò kankan kò sí tí mo lè wò, àwọn náà ti bá àpótí lọ. Orí ara mi ni mo ti fa ìyá mi yọ. Mo yà wọ́n bí mo ṣe ń rí wọn nígbà tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, tí wọ́n ń wakọ̀ lọ sọ́jà: apá tó yi nítorí àjẹ̀ wíwà, ọrùn gígùn, ìdí tó jókòó dáadáa, ojú tí kò bẹ̀rù omi. Mo gé e, mo gbé e síwájú wọn, mo gbé ìró àrán tì í. Wọ́n mú ìró náà, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣẹ́ etí rẹ̀ mọ́ ọmọlángidi náà ní ìdí, wọ́n wá ní mo ti jẹ́ kí ó kúrú jù, ṣé èèyàn ń lọ wọ́ edé nínú ẹrẹ̀ ni. Inú mi dùn débi pé mo ṣe bí ẹni tó ń bínú. Mo ní èmi náà ṣe ohun tí wọ́n wí, wọ́n sì ní n kò gbọ́ dáadáa.

Láti ọjọ́ yẹn, ọmọlángidi náà di iṣẹ́ wa. Bí mo bá ti fi àwòrán àwọn atẹ̀wé ránṣẹ́ tán, màá jókòó ti ìyá mi, wọ́n á sì sọ aṣọ kan. Wọ́n mọ ibi tí òdòdó ara lẹ́ẹ̀sì ti já, wọ́n mọ apá ibi tí àdìrẹ ti ṣá. Wọ́n kọ́ mi bí àwọn obìnrin ìgbà tiwọn ṣe ń ró ìró méjì, èyí tó kúrú lórí èyí tó gùn, kí etí ìsàlẹ̀ lè hàn. Mo ya gèlè kan tó ga, wọ́n ní afẹ́fẹ́ òkun á ti gbé e dé Wàrì kí ẹni tó wé e tó bọ́ sínú ọkọ̀. Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ tóyẹn náà, àwọn kì í ṣe opó nígbà náà.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá mi. Afẹ́fẹ́ wa níbí, iyọ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá gé páálí lónìí tó le, tó bá fi máa di ọ̀la, orí ọmọlángidi á ti tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń tòògbé nínú ìjọ, etí aṣọ á sì ti rọ. Ohun tí a kò bá fẹ́ kí ọ̀rinrin bàjẹ́ ní ilẹ̀ wa, orí iná la máa ń gbé e sí. Èmi náà gbé ọmọlángidi àti aṣọ rẹ̀ lọ sórí àtẹ tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń yan ṣàwá, mo tò wọ́n sí apá òkè níbi tí iná kò ti mú púpọ̀. Nígbà tí mo sọ̀ wọ́n kalẹ̀, wọ́n le gan-gan, ara ọmọlángidi náà sì ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àwọ̀ ara ìyá mi gan-an, èyí tí mo ti ń po ọ̀dà pọ̀ wá láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ tí n kò rí. Mo yin ara mi títí. Mo gbàgbé pé nǹkan ní òórùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a wá ọmọlángidi tì. Mo túlé, mo fẹ̀sùn kan ẹ̀gbọ́n mi pé ó ti fi dáná, òun náà sì fi ọ̀rọ̀ gún mi lára. Ẹ̀yìnkùlé ni a ti wá rí i. Ológbò aládùúgbò wa jókòó sórí afárá pákó, ó di ìyá mi mú ní ìbàdí, ó ń lá ọrùn wọn, ó sì di ojú méjèèjì pẹ̀lú adùn. Mo sáré sí i. Ó fò bọ́ sínú ọkọ̀ kan tí wọ́n so mọ́lẹ̀, èmi sì fò tẹ̀ lé e, mo bọ́ sínú potopoto dé orúnkún. Bí mo ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ jáde ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Ìyá mi ti jáde dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n di òpó mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn.

"Jẹ́ kó máa gbé mi lọ," wọ́n ní. "Ológbò mọ ẹni tó dùn."

Láti Abereke, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn. Mo dúró sínú ẹrẹ̀, mo sunkún, n kò sì lè sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ìdùnnú ni. Mo gba ọmọlángidi náà lọ́wọ́ ológbò, mo lẹ ibi tí eyín wọ̀, láti ìgbà náà ló sì jẹ́ pé orí ẹyin iná tí kò sí ẹja lórí rẹ̀ ni mo ti ń yan aṣọ.

Mo rò pé ẹ̀rín yẹn ló máa ṣílẹ̀kùn. Kò ṣí i. Ìyá mi ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń jẹun, àwọn obìnrin tí òkun lé kúrò ní Abereke bíi tiwọn ń wá jókòó lọ́dọ̀ wa láti sọ̀rọ̀ aṣọ tiwọn náà, ilé wa sì ń dùn. Ṣùgbọ́n bí àwọn yẹn bá dìde tí wọ́n ní kí ìyá mi sìn wọ́n dé etí omi, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń dúró sí. Wọ́n á fa ìró wọn sókè, wọ́n á ní ẹ wo ohun tó wà lára mi. Ọjọ́ Ìsinmi a wá, agogo ìjọ a lù, sùtánà a wà lórí ìṣó. Àǹkárá ẹ̀gbọ́n mi kò kúrò lábẹ́ ibùsùn. Ọ̀rọ̀ aṣọ wá pọ̀ nílé wa ju aṣọ fúnra rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà sú ẹ̀gbọ́n mi. Bí ó ṣe ń yí ẹja padà lórí iná lọ́jọ́ kan, ó wo òkìtì aṣọ bébà níwájú mi.

"Bébà ń pààrọ̀ aṣọ nílé yìí," ó ní, "ìyá wa kò rí ọ̀kan wọ̀."

Òótọ́ ni, ó sì dùn mí. Mo kàn lọ mú búrọ́ọ̀ṣì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, mo sì ti pinnu pé bí imú tèmi bá máa bó, kó bó. Mo rò pé bí gbogbo aṣọ inú àpótí bá ti pé padà síwájú wọn, láìku ẹyọ kan, ọkàn wọn á balẹ̀, wọ́n á sì lè gba tuntun. Gbogbo ọdún yẹn ni mo fi gba èyí gbọ́.

Aṣọ tó kẹ́yìn ni jọ́ọ̀jì pupa tí wọ́n ró lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wọn láti apá Etikan wá sílé bàbá mi. Òun ni wọ́n fi pamọ́ títí dé ìparí. Wọ́n sọ ọ́ fún mi ní ìjókòó bíi mélòó kan, wọ́n á sọ díẹ̀, wọ́n á ní ó di ọ̀la. Mo ya wúrà ara rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo ya iyùn ọrùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi. Nígbà tí mo parí, mo tẹ́ ẹní sílẹ̀, mo to gbogbo aṣọ náà sórí rẹ̀, mo gbé ọmọlángidi sáàárín, mo fi jọ́ọ̀jì wọ̀ ọ́. Ó rẹwà. Mo pe ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi.

Ìyá mi jókòó, wọ́n wò ó láti ìkángun ẹní kan dé ìkejì.

"Ta nìyí?" wọ́n bi mí.

"Ìye, ẹ̀yin ni."

"Èmi rèé níbí," wọ́n ní. "Obìnrin yìí ti bá aṣọ rẹ̀ lọ sínú òkun. O ti fi ọdún kan wọṣọ fún un, o ṣeun, ó yẹ ẹ́. Yà mí bí mo ṣe jókòó yìí."

Inú bí mi. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ pé inú bí mi gan-an. Nínú iṣẹ́ yìí, bí o bá pààrọ̀ ara, gbogbo aṣọ tí o ti gé ti di pàǹtí. Mo jáde sórí afárá, mo sọ̀rọ̀ sí omi, àwọn tó ń wakọ̀ kọjá rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Ẹ̀gbọ́n mi wá dúró tì mí, mo ń retí pé yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ó ní láti ìgbà tí ìyá wa ti dé, òun kò tíì gbọ́ kí wọ́n béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun àti èmi fi ẹnu kò láyé wa. Mo padà wọlé, mo mú páálí tuntun.

Wọ́n jókòó fún mi lẹ́bàá fèrèsé, àwọn náà wọ ṣìmí àti tòbí bí ọmọlángidi. Ìgbà yẹn ni mo tó wò wọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti Abereke dé, mo ti ń wo aṣọ wọn, mo ń wo ẹnu wọn nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, n kò wo ara wọn rí. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Èjìká òsì ti rẹlẹ̀ ju tọ̀tún lọ. Apá tó máa ń wakọ̀ ti fà, awọ ti tú sílẹ̀ lára rẹ̀. Orúnkún ọ̀tún wú. Ẹ̀yìn ti tẹ̀, ọrùn gígùn yẹn ti yọ síwájú. Mo fẹ́ dín in kù, mo fẹ́ fi ìlà kékeré kan tọ́ èjìká náà fún wọn. Wọ́n rí i. Wọ́n ní kí n má ṣe yà wọ́n ní ìyàkuyà, èjìká àwọn ni, àwọn mọ ibi tó wà. Mo yà á bí ó ṣe rí. Mo gé e, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Wọ́n gbé ọmọlángidi náà sórí itan, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú aṣọ orí ẹní ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé ìró àrán lé e, ó yọ. Wọ́n gbé bùbá lẹ́ẹ̀sì lé e, etí èjìká kan ń fì lófuurufú. Jọ́ọ̀jì pupa fẹ̀ ní ìdí, ó já wálẹ̀ bí aṣọ tí a yá. Kò sí èyí tó bá a mu. Mo sáré sọ fún wọn pé kò tó nǹkan, pé màá wọn gbogbo rẹ̀ lọ́tun, màá tún wọn yà láti ìbẹ̀rẹ̀, bó gba ọdún mìíràn kó gbà á. Mo ti ń fa pẹ́ńsù mọ́ra.

"Má tún wọn yà," ni ìyá mi wí. "Kó wọn jọ fún ẹni tó ni wọ́n. Èmi ni kí o ya aṣọ fún."

Mo bi wọ́n pé aṣọ wo.

"Èyí tí a máa lọ rà," wọ́n ní.

Mo fi pẹ́ńsù sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló rántí láti béèrè bóyá àwọ̀ kan wà tó wù wọ́n kí òun bá wọn rà á bọ̀. Ìyá mi ní rárá o, aṣọ tí àwọn kò bá fi ọwọ́ kàn, àwọn kò ní ró o, ẹ̀gbọ́n mi kò mọ aṣọ rà, àwọn kàn ti ń bo àṣírí rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ ọjà Igbokoda, ìyá mi ni wọ́n kọ́kọ́ múra. Ìró Abereke ni wọ́n ró, kò sí òmíràn tí wọ́n gbà, wọ́n sì jókòó sáàárín ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí wọn. Àwọn èrò ń kí wọn, pé ojú wọn rèé, wọ́n sì ń dáhùn. Èmi di etí ọkọ̀ mú, mo ń bẹ̀rù pé wọ́n lè ní ká dá ọkọ̀ padà. Nígbà tí a dé èbúté, orúnkún kò fẹ́ gbé wọn, mo na ọwọ́, wọ́n sì dì í mú títí wọ́n fi gun orí ilẹ̀.

Ìsọ̀ aṣọ kẹta ni wọ́n dúró sí. Wọ́n fi àtàǹpàkò yẹ aṣọ wò, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n bínú sí iye rẹ̀ bó ṣe yẹ. Àǹkárá aláwọ̀ ewé kan tó ní ẹyẹ lára ni wọ́n dúró lé lórí. Obìnrin tó ń tà á fa aṣọ náà yọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé e lé mi léjìká láti wò ó bóyá ó bá mi lára mu, ó ní ìyàwó, aṣọ yìí mọ̀ yín.

Ìyá mi na ọwọ́, wọ́n fà á kúrò lára mi. Wọ́n gbé e lé èjìká òsì wọn, èyí tó rẹlẹ̀, wọ́n sì mú un mọ́ra.

"Èmi ni," wọ́n wí fún un. "Wọ̀n ọ́n fún mi."